Pẹnárítì ní Zion Pepe

Ní gbogbo Sátidé tí wọ́n bá ti ní kí Balqees lọ fọn fèrè bọ́ọ̀lù ní àwọn ìlú orí omi, oúnjẹ àárọ̀ kì í lọ lọ́fun rẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń dẹ́rù bà á. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti bí i, láàárín àpáta, níbi tó jẹ́ pé kí òjò tó dá, omi ti ṣàn wálẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ugbonla, síbẹ̀ kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kan kó má fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí wọ́n ti mọ àjẹ̀ í mú kí wọ́n tó mọ gègé í mú, a máa fi í ṣe ẹ̀sín lẹ́yìn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí Tísà bá jọ̀wọ́ etí ọkọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ náà á dúpẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ rẹfirí. Nígbà tí àwọn tó ń darí Líìgì Etí Òkun gbọ́ pé obìnrin kan wà ní Ugbonla tó mọ òfin bọ́ọ̀lù dójú àmì, wọ́n wá a wá, wọn ò sì bi í bóyá ó fẹ́ràn omi. Líìgì náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n. Apẹja, awakọ̀ ojú omi, àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àti àwọn géńdé tí kò tíì ríṣẹ́, àwọn ni wọ́n ń gbá a. Ẹgbẹ́ wọn a máa fún wọn ní owó ọbẹ̀ díẹ̀, owó tí kò lè bọ́ ìyàwó, ṣùgbọ́n tó tó láti mú kí géńdé máa pe ara rẹ̀ ní agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ipò kìíní ní ìparí sáà yóò bọ́ sí líìgì òkè, èyí tí wọ́n ń gbá lórí ilẹ̀ gbígbẹ, lórí koríko. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kan láti orí omi tó débẹ̀ rí.

Sátidé tí mo ń sọ yìí ni ìparí sáà. Ìgbì Òkun, ẹgbẹ́ Zion Pepe, ló fẹ́ gba Ìràwọ̀ Igbókòdá lálejò. Bí Ìgbì Òkun bá borí, àwọn ló ń lọ sókè. Bí wọ́n bá gbá ọ̀mì, Ìràwọ̀ ló ń lọ.

Láti ìdájí ni Balqees ti ń rìn síwá sẹ́yìn ní èbúté Ugbonla. Ọkọ̀ tí líìgì ní àwọn yóò fi ránṣẹ́ kò dé. Ó pe fóònù, fóònù kò wọlé. Ó jókòó, ó dìde. Ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó tún un dè. Nígbà tí oòrùn ti ga, ọkọ̀ ńlá kan yọ láti ọ̀nà Igbókòdá, ó kún fún àwọn géńdé tó wọ aṣọ pupa, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń lu ìhà ọkọ̀ bí ìlù. Àwọn Ìràwọ̀ ni. Àwọn alásìá méjèèjì tí yóò bá a ṣiṣẹ́ létí ilà ti wà nínú ọkọ̀ náà.

"Rẹfirí, ẹ wọlé!" ni ẹnì kan nínú wọn kígbe. "Àbí ẹ fẹ́ wẹ̀ dé ibẹ̀ ni?"

Balqees mọ̀ pé kò dára kí rẹfirí bá ẹgbẹ́ kan dé pápá. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe? Ó wọlé, ó di etí ọkọ̀ mú, ó sì dijú.

Bí ọkọ̀ ṣe kan èbúté Zion Pepe ló ti rí i pé ohun tí òun ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀. Èrò ti kún orí afárá pákó láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀ bó ṣe ń ti àárín àwọn aláṣọ pupa sọ̀kalẹ̀. Bàbá Olówòkéré, alága Ìgbì Òkun, àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, ló wá pàdé rẹ̀.

"Tísà, ẹ kú ewu omi. Ọkọ̀ àwọn wo ni mo rí yín nínú rẹ̀ yẹn?"

"Bàbá, ọkọ̀ tiwa ni kò dé. Wọ́n kàn yà gbé mi ni."

"Wọ́n ṣeun o," ni bàbá náà wí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Pápá ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn tí wọ́n kó jọ sáàárín ilé àti omi. Apá kan, àwọn ilé orí òpó ló tò síbẹ̀, tí àwọn ìyàwó ilé àti àgbààgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn bí ẹni tó ra ìjókòó iwájú. Apá kejì, omi ni. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sódò, ọkọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń lọ mú un wá. Nígbà tí Balqees pe olórí ẹgbẹ́ méjèèjì sáàárín, èyí tó ti ọ̀dọ̀ Ìgbì Òkun wá ga débi pé ó ní láti gbójú sókè wò ó. Kòkúmọ́ ni wọ́n ń pè é. Láti Monday dé Friday, èrò ló ń fi ọkọ̀ gbé. Bó bá di Sátidé, ẹ̀yìn ló ń dúró sí, kò sì sí bọ́ọ̀lù òkè tí orí rẹ̀ kì í kàn.

"Tísà, ẹ kú ọ̀nà," ló wí, ó sì rọra rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Orí ilẹ̀ lẹ wà báyìí."

Inú Balqees dùn sí i, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé inú òun dùn sí i.

Bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà le. Iyanrìn ń fa ẹsẹ̀, oòrùn ń ta, atẹ́gùn òkun ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síbi tó wù ú. Kí wọ́n tó lọ sinmi, Táyé, ọmọ Ìgbì Òkun kan tó kúrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ti akàn, gbé bọ́ọ̀lù kọjá ẹni méjì, ó sì gbá a sínú àwọ̀n. Ariwo tó sọ gbọn pákó àwọn ilé. Láti ìgbà náà, ara Balqees kò lélẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fọn fèrè fún àwọn aláṣọ pupa, á gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀: "Ọkọ̀ wọn lo bá dé!" Bó bá sì fọn ọ́n fún àwọn onílé, á máa bi ara rẹ̀ bóyá nítorí ohùn yẹn ni òun ṣe fọn ọ́n. Ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń wo aago ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ló kù. Àwọn Ìràwọ̀ gbá bọ́ọ̀lù igun kan wọlé, atẹ́gùn gbé e ga, ó ń já bọ̀ láàárín ojú ilé. Kingsley, agbábọ́ọ̀lù iwájú tiwọn, fo sókè, ó fi orí kàn án. Ó ń lọ tààrà sínú àwọ̀n. Kòkúmọ́ fò láti orí ilà. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni Pius, tó jẹ́ ẹ̀yìn kejì fún Ìgbì Òkun, sáré kọjá níwájú Balqees. Balqees rí apá gígùn kan tó lọ sókè. Ó rí bọ́ọ̀lù tó yí ọ̀nà padà, tó gba orí igi àwọ̀n kọjá sódò.

Fèrè dún. Kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti fọn ọ́n, ó ti dún.

Balqees wo alásìá tó wà létí ilà ní ìhà yẹn. Alásìá náà bẹ̀rẹ̀, ó ń ká ṣòkòtò rẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ lára. Ìgbà yẹn ló yé e pé òun nìkan ni. Fèrè tó ti dún kò sì ṣeé gbé mì. Ó nawọ́ sí ojú àmì pẹnárítì. Ó wá fa káàdì pupa yọ fún Kòkúmọ́, nítorí ohun tí òfin wí nìyẹn nípa ẹni tó bá fọwọ́ gba bọ́ọ̀lù tó ń wọlé.

Kòkúmọ́ kò pariwo. Ó wo Balqees, ó wo apá ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde. Ìrìn rẹ̀ yẹn ló burú jù. Bó ṣe ń lọ, Pius ń ké, Táyé wólẹ̀ sórí iyanrìn, àwọn ìyá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbé ọwọ́ lérí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òkú.

Kingsley gbá pẹnárítì náà wọlé. Kò pẹ́ tí fèrè ìkẹyìn fi dún. Oókan sí oókan.

Èrò ya wọ pápá bí omi tó fọ́ ìsédò. Wọn ò lù ú o, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn fò, ìgò omi fò, èébú sì fò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bàbá Olówòkéré àti àwọn méjì kan ló fi ara bò ó, wọ́n sì tì í wọ yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ń to ìjókòó sí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Balqees ṣì ń gbọn iyanrìn kúrò ní ìborí rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kan láti èbúté. Ó mọ ìró náà. Ọkọ̀ àwọn Ìràwọ̀ ni, ó ń lọ, kò sì dúró. Àwọn alásìá rẹ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀.

Ó jókòó sórí ìjókòó kan, kò lè jókòó pẹ́. Ó dìde, ó rìn dé fèrèsé, ó padà. Ó dijú, ó gbìyànjú láti tún un rí. Apá lọ sókè. Bọ́ọ̀lù yí ọ̀nà padà. Nígbà kan, ọwọ́ ni. Nígbà mìíràn, orí ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yìn Pius nìkan ló ń rí, ẹ̀yìn aṣọ aláwọ̀ ewé tó gbòòrò bí ilẹ̀kùn. Ó fi omi inú ọ̀rá kan tó bá níbẹ̀ ṣe àlùwàlá, ó sì kí ìrun Alásàárì láàárín àwọn ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì. Kódà bó ṣe forí kanlẹ̀, bọ́ọ̀lù náà ń fò lójú rẹ̀.

Bàbá Olówòkéré wọlé wá. Ó fa ìjókòó kan, ó jókòó, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

"Tísà, mi ò ní tàn yín. Mo ti bẹ àwọn ọlọ́kọ̀. Ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì òun ti bàjẹ́. Ìkejì ní epo òun ti tán. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìlú yìí ló ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà."

"Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí lọ́wọ́ wọn."

Àgbàlagbà náà tẹ̀ síwájú. Ó wò ó títí. "Ṣé ẹ rí i?"

"Bàbá, mo fọn fèrè."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Balqees yíjú sí fèrèsé. Nígbà tí Bàbá náà kò gbọ́ ìdáhùn, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde láìpadé ilẹ̀kùn.

Ẹni tó tún wọlé ni obìnrin kan tó gbé àwo méjì tí wọ́n dé mọ́ra lé ọwọ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, Balqees sì ti mọ ẹni tó jẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, nítorí ojú rẹ̀ ni ojú Kòkúmọ́.

"Àrìnpé lorúkọ mi," ni obìnrin náà wí. "Pupurú nìyí, ẹja ló wà nínú ọbẹ̀. Jẹun."

"Màmá, ẹ ṣeun. Kò lè lọ lọ́fun mi."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó lè lọ. Wọn ò ní sọ pé àlejò wá sí ìlú wa, ebi pa á sùn."

Balqees bu òkèlè kan. Àrìnpé dúró lé e lórí, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Mi ò mọ bọ́ọ̀lù," ló wí. "Bí wọ́n bá ní ó wọlé, màá jó. Bí wọ́n bá ní kò wọlé, màá jókòó. Ṣùgbọ́n mo mọ ọma mi. Ẹ̀yìn ikú mẹ́ta ni mo bí i, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Kòkúmọ́. Kò jí ẹja ẹlẹ́ja rí. Kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ opó rí. Lónìí, ìwọ nawọ́ sí i níwájú gbogbo ìlú, ó sì ń rìn jáde bí olè tí wọ́n mú. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Líìgì òkè kò dùn mí."

Balqees fẹ́ sọ pé òun tẹ̀lé òfin. Ó fẹ́ sọ pé ẹ má bínú. Ó bu òkèlè mìíràn. Àrìnpé dúró títí àlejò rẹ̀ fi jẹ ìdajì, ó sì kó àwo rẹ̀ lọ.

Oòrùn ti ń wálẹ̀ nígbà tí Kòkúmọ́ fúnra rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti bọ́ aṣọ bọ́ọ̀lù, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbé gálọ́ọ̀nù epo dání.

"Tísà, ẹ jẹ́ ká máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wa lórí omi."

Nínú gbogbo ọlọ́kọ̀ tó wà ní Zion Pepe, Kòkúmọ́ ló wá! Balqees tẹ̀lé e gba orí afárá pákó kọjá. Àwọn ènìyàn dúró lójú fèrèsé. Pius jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó dìde.

"Kòkúmọ́, ìwọ náà lo fẹ́ gbé e? Ìwọ?"

"Ta ló kù?" ni Kòkúmọ́ wí, kò sì yíjú padà.

Ó ju ẹ̀wù agbẹ̀mílà kan sí Balqees, ó dúró kó wọ̀ ọ́ dáadáa, ó fa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì ta kúrò ní èbúté. Wọ́n lọ, wọ́n lọ. Ilé tán. Igi ẹ̀gbà yọ lápá ọ̀tún, ó tán. Omi ló kù, ó dúdú lábẹ́, ó pupa lórí níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Balqees di etí ọkọ̀ mú, ó ń rò ó. Bí ọkùnrin yìí bá fẹ́, yóò kàn tẹ ọkọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ta ló máa mọ̀? Ó rò bẹ́ẹ̀, ojú sì tì í pé ó rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì húkọ́. Ó tún húkọ́, ó dákẹ́. Ọkọ̀ sáré díẹ̀ sí i, ó dúró, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

"Ewéko omi," ni Kòkúmọ́ wí. "Ó ti wé abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì." Ó gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè, ó sì fa ọ̀bẹ gígùn kan yọ lábẹ́ ìjókòó. Balqees rí ọ̀bẹ náà, ó sún sẹ́yìn.

"Tísà, ẹ mú àjẹ̀ yẹn. Ẹ tì í bọ omi, kí orí ọkọ̀ lè máa kọjú sí ìgbì. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ gba ìgbì, a ó mu omi."

"Èmi? Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí. Ọwọ́ méjèèjì."

Kò sí ọ̀nà míràn. Balqees jọ̀wọ́ etí ọkọ̀ sílẹ̀. Ó gbá àjẹ̀ mú, ó tì í bọ omi, omi náà sì fà á bí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà á padà. Ìgbì kan gbé wọn, ó sọ wọ́n kalẹ̀. Ọ̀sán gbogbo ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá nǹkan tí yóò ṣe. Ó rí i wàyí. Kòkúmọ́ tẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń gé ewéko, ó ń jù ú nù.

"Tísà, ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Bí ẹ bá ti dá mi lóhùn, mi ò ní bi yín mọ́ láé. Ṣé ẹ rí i?"

Ìgbì mìíràn dé. Balqees dúró kó kọjá.

"Mo rí apá rẹ tó lọ sókè. Mo rí bọ́ọ̀lù tó yí ọ̀nà padà. Pius wà láàárín. Ibi tí apá àti bọ́ọ̀lù ti pàdé, èmi kò rí i."

Ọ̀bẹ dúró. Kòkúmọ́ wà bẹ́ẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Balqees bi í. "Ṣé ó kàn ọ́ lọ́wọ́?"

"Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo apá yìí," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Nǹkan kàn mí. Bóyá bọ́ọ̀lù ni. Bóyá èjìká Pius ni. Bí mo bá ní kò kàn mí, mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni àbí òtítọ́. Bí mo bá ní ó kàn mí, bákan náà ni. Gbogbo ìlú ń wò mí lẹ́nu, mo wá ní kò kàn mí. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn?" Ó yíjú padà lójijì, ọkọ̀ sì mì. "Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí i, kí ló dé tí ẹ fọn ọ́n? Ẹ dá mi lóhùn! Ọdún méje ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn yẹn. Mi ò tẹ koríko rí. Kí ló dé?"

Balqees wa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wà á.

"Ọwọ́ mi yá ju ojú mi lọ," ló wí níkẹyìn. "Wọ́n ti ń pariwo ọkọ̀ tí mo bá dé. Mo ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní mo ń ṣègbè, mo sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀rù yẹn á mú mi ṣègbè fún yín. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan dá mi lójú. Mo bá fọn ọ́n."

Kòkúmọ́ gé okùn ewéko tó kẹ́yìn, ó sọ ọ́ sódò tagbáratagbára, ó sì fa ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì náà dún. Ọkọ̀ ń sáré lọ títí iná Ugbonla fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ní èbúté, Kòkúmọ́ di ọkọ̀ mú kí Balqees lè sọ̀kalẹ̀.

"Bí wọ́n bá pè yín ní Igbókòdá," ló wí, "ohun tí ẹ sọ fún mi lórí omi ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn."

"Wọn ò ní tún bọ́ọ̀lù yẹn gbá, Kòkúmọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

Wọ́n pè é lóòótọ́. Ìgbìmọ̀ líìgì jókòó yí tábìlì ká, Bàbá Olówòkéré wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, àwọn Ìràwọ̀ wà ní ìjókòó iwájú. Balqees sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ lórí omi, kò yọ nǹkan kan kúrò. Alága ìgbìmọ̀ náà, ọkùnrin kan tó máa ń fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, nu ojú rẹ̀.

"Madam, rẹfirí kì í sọ pé òun kò rí i. Bí a bá ń gbọ́ irú èyí, ta ló tún máa gbọ́ràn sí fèrè?"

"Ẹ̀yin lẹ bi mí, sà."

Wọ́n ní oókan sí oókan ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà. Àwọn Ìràwọ̀ ló lọ sókè. Wọ́n fa káàdì pupa Kòkúmọ́ ya nítorí pé ẹ̀rí kò dúró. Ní ti Balqees, wọ́n ní kó gbé fèrè sílẹ̀ títí àwọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Bí wọ́n ṣe ń jáde, Bàbá Olówòkéré kọjá lára rẹ̀, ó sì dúró díẹ̀. "Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ dáhùn." Kò dúró gba èsì.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ rẹfirí rí lè rò pé Balqees yóò sinmi. Kò sí omi mọ́, kò sí èébú mọ́. Ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti mọ́, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Á gbá yàrá, á tún un gbá. Á máàkì ìwé àwọn ọmọ, á rìn dé èbúté, á wo àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń wọkọ̀ lọ, á padà. Rejoice, tísà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé, wò ó títí ó fi sú u.

"Balqees, ṣé kí n so ọ́ mọ́ òpó ni? Bó o bá fẹ́ lọ, lọ. Bó o bá fẹ́ jókòó, fìdí kalẹ̀."

"Ibo ni màá lọ? Wọn ò fún mi ní bọ́ọ̀lù kankan."

"Ṣé rẹfirí nìkan ló ń wo bọ́ọ̀lù ni?"

Sáà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ní ọjọ́ kan tí atẹ́gùn pọ̀, ọlọ́kọ̀ kan ń ké ní èbúté pé ẹni kan ló kù tó ń lọ sí Zion Pepe, ẹni kan péré. Balqees wọlé kó tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó dé etí pápá, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ń lọ láti ẹnu kan dé èkejì. Ẹnì kan pòṣé. Ẹnì kan ní, "Ó tún ti dé o!" Balqees dúró, kò mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan, Àrìnpé pè é.

"Kí lo dúró sí ojú oòrùn fún? Wá jókòó." Ó sún fún un lórí àga gígùn. Kò kí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì fún un ní oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Ìgbì Òkun fìdí rẹmi lọ́jọ́ yẹn, méjì sí òdo, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ni góòlù tí wọ́n ní ẹni tó gbá a ti wà lẹ́yìn gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó fún un ní bọ́ọ̀lù. Kòkúmọ́ ló gbé èrò Ugbonla padà ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ kún, gbogbo ẹnu sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ọfusáìdì ni. Òmíràn ní kì í ṣe é. Balqees jókòó láàárín wọn, ọwọ́ kan ló fi di etí ọkọ̀ mú, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ba òfin jẹ́, ó ń pa á mọ́ra, ó ń pa á mọ́ra, títí kò fi lè pa á mọ́ra mọ́.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á," ló wí.

Ọkùnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lé itan wò ó. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin náà tún fẹ́ kọ́ wa lófin?"

Ẹ̀rín bú. Kòkúmọ́ tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dín iná ẹ́ńjìnnì kù kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn. "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́," ló wí. "Ó mọ̀wé rẹ̀. Ìwé kọ́ ló ṣe é lọ́jọ́sí."

Balqees gba ẹja méjì nínú apẹ̀rẹ̀ ọkùnrin náà, ó tò wọ́n sórí pákó, ó ní èyí ni ẹ̀yìn, èyí ni iwájú. Ọkùnrin náà ní irọ́ ni, ó sún ẹja kan sẹ́yìn. Ìyá kan nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó sún un padà. Wọ́n ṣì ń jiyàn nígbà tí ọkọ̀ kan èbúté Ugbonla, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀.